Ọjà Kọ̀ǹpútà Ìkẹjà: Níbi Tí Láptọ́ọ̀pù Ti Ń Kú, Tí Ó Tún Ti Ń Jí

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ọjà náà ń sinmi. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, kí oòrùn tó mú dáadáa, èèyàn yóò ti máa rí wọn ní abẹ́ bíríìjì Ìkẹjà: ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n gbé báàgì dúdú mọ́ àyà bí ẹni tí ó ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ sí ọsibítù. Wọn kì í gbé e kọ́ ẹ̀yìn, nítorí àwọn ọlọ́wọ́ kíákíá. Àwọn kan wá láti Ìlọrin àti Àkúrẹ́, àwọn kan wọ mọ́tò òru láti Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn kò sì wá láti ibi tí ó jìnnà ju Agége lọ. Ohun tí ó wà nínú báàgì wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: láptọ́ọ̀pù tí ó kọ̀ tí kò tàn mọ́, èyí tí ó ń tàn tí ó tún ń kú, èyí tí ó ń gbóná bí ààrò, èyí tí kò jẹ́ kí wọ́n yọ wáyà iná kúrò ní ìdí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Èyí tí ó ń dunni jù ni èyí tí wọ́n rà nínú ọjà kan náà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí wọ́n ń gbé padà bọ̀ wá bá ẹni tí ó tà á.

Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ni gbogbo ayé ń pe ibẹ̀. Orúkọ náà ní abúlé nínú, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tí ó jọ abúlé níbẹ̀. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí kò ní láti béèrè ọ̀nà, ariwo ni yóò mú un débẹ̀. Bí kọ̀ndọ́kítọ̀ ti ń pe Agége àti Ìyánà-Ìpájà ní ọwọ́ kan ni àwọn ọ̀dọ́ ń fa aṣọ àwọn tí ń kọjá ní ọwọ́ kejì. "Mọ́mì, láptọ́ọ̀pù ńkọ́?" "Àlùfáà, fóònù lẹ fẹ́ tà ni àbí ẹ fẹ́ rà?" "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ, iye tí ẹ bá ní ni a ó gbà!" Àwọn ọ̀dọ́ yìí kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu wọn ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Oníbàárà tí wọ́n bá rí mú ni wọn yóò fà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ọjà, ẹni náà yóò bu owó lé iye ọjà, wọn yóò sì pín in nígbà tí oníbàárà bá ti yí ẹ̀yìn padà. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Ìtàn ẹni tí ó ra fóònù olówó ńlá, tí ó délé tí ó bá fùfú nínú páálí, kì í ṣe àlọ́ ní Ìkẹjà. Àwọn tí ojú wọn ti rí i pọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ Ìkẹjà tẹ́lẹ̀ kò ní gbà pé ilé gbígbé ni ó kún àdúgbò náà rí. Láti ọdún 1976 ni Ìkẹjà ti jẹ́ olú ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn òpópónà tí ọjà náà gbà lónìí, Otigba, Ola Ayeni, Pepple, Oremeji àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, sì jẹ́ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn, tí àwọn ọmọ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tí ó ń tún ẹ̀rọ táípráítà àti ẹ̀rọ tí ń da ìwé kọ ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ gba yàrá kan níhìn-ín, yàrá kan lọ́hùn-ún. Nígbà tí ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà rọ́pò táípráítà ní àárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn náà fi iṣẹ́ kan rọ́pò èkejì. Lẹ́yìn náà ni GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ni ọ̀rọ̀ bá di ti ẹni tí ó rí ibi gbé àga sí. Pálọ̀ di ṣọ́ọ̀bù, kíṣìnnì di ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fọ́ ògiri ọgbà wọ́n fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ìdí gọ́tà sì di ti àwọn alábẹ́ agboòrùn. Àwọn onílé kó lọ sí ibòmíràn, wọ́n ń gba owó ilé wọn láti ọ̀hún. Ta ni yóò bá wọn wí?

Ohun kan ni ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ kí ó tó tẹ̀lé ẹnikẹ́ni wọ ṣọ́ọ̀bù. Láptọ́ọ̀pù tuntun wà ní ọjà náà, nínú páálí tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá wá. Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń wá. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà máa ń pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù àwọn òṣìṣẹ́ wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yálà ó bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́. Wọn yóò tà wọ́n ní òkìtì òkìtì fún àwọn tí ń kó wọn sínú kọ̀nténà. Nínú òkìtì bẹ́ẹ̀, èyí tí ó dára lè sùn ti èyí tí ó ti kú, èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tì pa láti ilé iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ni ín lè wà láàárín wọn, ẹni tí ó rà á ní Ìkẹjà kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà yóò béèrè ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà kò mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà tí ó ń jẹ́ Basel Action Network wá wo ohun tí ń gba èbúté Èkó wọlé. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde, wọ́n ní kọ̀nténà bíi 500 ni ó ń kó àlòkù ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọlé lóṣooṣù, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà, CAPDAN, sì sọ fún wọn pé láti ìdá kan nínú mẹ́rin títí dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà ni ó lè jẹ́ pàǹtí. Pàǹtí! Ẹni tí ó ń tà á ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó ń bá a jà. Ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà ní ọdún 2011 láti fi dí ojú ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ ń gbà wọlé. Bí ìlànà náà bá ti dí i tán, òkìtì páńẹ́ẹ̀lì tí ó jóná ní ẹ̀yìn àwọn ilé Ìkẹjà kò tíì gbọ́.

Ọ̀wọ́ngógó sì dé láti fi kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là Amẹ́ríkà kan kò tíì pé náírà 500 ní ọwọ́ ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Láptọ́ọ̀pù tuntun tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi owó oṣù díẹ̀ rà tẹ́lẹ̀ di ohun tí ó ń wò láti òkèèrè bí ẹni ń wo ọkọ̀ òfuurufú. Ìyẹn ni ó sọ tòkunbọ̀ di ọba ọjà, ìyẹn náà ni ó sì fà á tí ẹni tí wọ́n bá ta èyí tí kò dára fún kò fi ní owó láti ra òmíràn.

Ọ̀ràn obìnrin kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde yóò fi bí ó ti ń rí hàn. Ó ń kàwé lọ fún oyè kejì ní yunifásítì, ohun tí ó sì ń kọ̀wé lé lórí ni àwọn ìyá tí ń hun aṣọ olónà ní Ìjẹ̀bú. Ó ti ń lọ bá àwọn àgbà obìnrin náà nílé wọn láti ọdún kan sẹ́yìn, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ sinmi, ó gba owó àjọ rẹ̀, ó wọ mọ́tò wá sí Ìkẹjà, ó sì ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù kan tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí ó ní àga tìmùtìmù, tí ọmọkùnrin tí ó ń tajà níbẹ̀ wọ tai. Ọmọkùnrin náà ní ẹnu dídùn. Ó pe obìnrin náà ní Àǹtí ní ìgbà tí kò níye, ó fún un ní omi tútù mu, ó tan ẹ̀rọ náà níwájú rẹ̀, ó gbá a láyà pé bátìrì rẹ̀ yóò lo wákàtí mẹ́rin. "Àǹtí, bí ohunkóhun bá ṣe é, ẹ gbé e wá. Wáráńtì wà."

Wáráńtì wà lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ sí ara rìsíìtì, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ kan sí abẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní pé ọjà tí a bá ti tà ní ipò tí ó dára, a kì í gbà á padà, owó tí a bá sì ti san, kò ní àdápadà. Gbólóhùn méjèèjì yìí wà ní ara rìsíìtì ìdajì àwọn ṣọ́ọ̀bù Nàìjíríà. Ọwọ́ kan ń fúnni, ọwọ́ kejì ń gbà á padà, orí bébà kan náà ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ láyọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀ bí iná NEPA bá ti lọ, bí ẹni pé kò ní bátìrì nínú. Fáànù rẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Obìnrin náà fẹ́ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ń ṣe ìdánwò, ọ̀gá ilé ìwé kò sì fún un láàyè. Ọjọ́ tí yóò fi dé Ìkẹjà, ó ti di ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ọmọkùnrin onítai náà kò rántí rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó rántí, ó ní, "Àǹtí, ẹ wo rìsíìtì yín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni." Nígbà tí obìnrin náà kò dìde, ó ní bóyá iná Ìjẹ̀bú ni ó ba ẹ̀rọ jẹ́. Nígbà tí kò tún dìde, ó ní ọ̀gá ni ó lè dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá sì ti lọ sí Dubai.

Kò sí omi tútù ní ọjọ́ yẹn.

Ẹnìkan nínú ṣọ́ọ̀bù gbà á nímọ̀ràn pé kí ó pe ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà. Ó jókòó sórí àga oníṣúwẹ́ǹgọ́ọ̀mù kan ní ìta, ó tẹ nọ́ńbà náà. Ohùn kan ní kí ó tẹ 1 bí ó bá fẹ́ ra ọjà, kí ó tẹ 2 bí ọjà rẹ̀ bá ní ìṣòro. Ó tẹ 2. Ohùn náà ní kí ó tẹ 1 bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ó tẹ 2 bí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù. Ó tẹ 2. Wọ́n fi orin sí i fún un. Orin náà dùn, ṣùgbọ́n owó fóònù rẹ̀ ni ó ń jó. Nígbà tí èèyàn gidi gbé e, ẹni náà bọ̀wọ̀ fún un dáadáa, ó gba nọ́ńbà tí ó wà ní ìdí ẹ̀rọ náà, ó sì sọ ohun tí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kò sọ: pé kì í ṣe Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ta ẹ̀rọ yìí, pé ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ó ti jáde, àti pé wáráńtì rẹ̀ ti parí ní ọdún mẹ́ta kí òun tó fojú kàn án. Ṣé ohun mìíràn wà tí wọ́n lè bá a ṣe lónìí? Inú wọn dùn pé ó pe àwọn.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wáráńtì láptọ́ọ̀pù ni kì í ré kọjá odò. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tà á ni àṣẹ rẹ̀ mọ sí, ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ sì rà á ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ ra ẹ̀rọ náà, kò ra ìlérí tí ó bá a jáde láti ilé iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìlérí náà ti ṣẹ́kù sí òkè òkun. Ó yẹ kí ẹni tí ń tajà sọ ìyẹn kí owó tó jáde nínú àpò, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, báwo ni yóò ṣe tà á?

Obìnrin náà ì bá ti padà sílé bí kò bá jẹ́ ti ìyá alágbàdo kan tí ó tọ́ka sí àtẹ̀gùn kan fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó mú kí ọjà Ìkẹjà ṣì dúró, àfi kí ó gun irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tà, òkè ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Nínú yàrá tí kò ju bẹ́ẹ̀dì méjì lọ, ọkùnrin márùn-ún tàbí mẹ́fà lè jókòó yí tábìlì kan ká, kí ẹnikẹ́ni má sì gbá ẹnìkejì nígbọ̀n-ọ́nwọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń dún ní báńkónì. Òórùn ìdà tí wọ́n ń yọ́ gba inú afẹ́fẹ́ kan. Wọ́n kó àwọn ìdè wẹ́wẹ́ sínú ìdérí ìgò, wọ́n to páńẹ́ẹ̀lì bí ẹni to àwo, ẹni tí ojú rẹ̀ dára jù sì gbé awò amúǹkan-tóbi sójú, ó ń wo ohun tí kò ju irúgbìn ata lọ. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Àwọn kan gba oyè rẹ̀ ní pólì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni. Ọmọ Ìgbò tí ó bá sin ọ̀gá rẹ̀ parí ni ọ̀gá yóò fún ní owó tí yóò fi dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ọmọ Yorùbá yóò sì ṣe fírídọ̀ọ̀mù, yóò pa ewúrẹ́, yóò gba àdúrà. Àwọn tí ó ti rí méjèèjì mọ èyí tí ó sàn fún ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò.

Ẹnjiníà tí obìnrin náà bá kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kò kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà. Ó dà á dojú bolẹ̀, ó ka àwọn ìdè ìdí rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, méjì kò sí níbẹ̀. Ẹnìkan ti tú u rí." Nígbà tí ó ṣí i, gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Bátìrì náà ti wú bí àkàrà. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀, tí ó jẹ́ ti lítíọ́ọ̀mù, máa ń dín kù ní agbára bí wọ́n bá ti fi iná kún un tó ìgbà 300 sí 500, ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan sì lò fún ọdún mẹ́ta ti kọjá ibẹ̀ dáadáa kí ó tó wọ kọ̀nténà. Ọ̀dà funfun tí ó yẹ kí ó wà láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ náà àti irin tí ń gba ooru rẹ̀ ti gbẹ bí ẹfun, ìdí nìyẹn tí fáànù fi ń ké. Ní igun kan páńẹ́ẹ̀lì, àmì ooru wà níbẹ̀, níbi tí ẹnìkan ti fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i kí ó lè jí fún ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi tà á. Wáráńtì ọ̀sẹ̀ méjì kò ṣèèṣì jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ìbéèrè tí ọmọkùnrin onítai náà kò béèrè, tí ẹni tí ó gbé fóònù kò sì béèrè. Ó ní, "Àǹtí, kí ni ó wà nínú rẹ̀?"

Obìnrin náà sọ fún un. Máàkì àwọn ọmọ ilé ìwé wà níbẹ̀. Orí méjì nínú ìwé tí ó ń kọ wà níbẹ̀. Ohùn àwọn ìyá mẹ́rìnlá tí ó gbà sílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ti pa wọ́n rẹ́ kúrò nínú fóònù nítorí fóònù náà ti kún. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ti di olóògbé.

Háàdì dísìkì ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà, irú èyí tí ó ní àwo tí ń yí nínú, tí ti láptọ́ọ̀pù sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun jó, kò sì fẹ́ kí iná máa já mọ́ òun lójú. Èyí ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Ẹnjiníà náà yọ ọ́ jáde, ó fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún àwọn tí ó yí i ká pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan tábìlì. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ tí ń mi ilẹ̀, wọ́n lo iná tí wọ́n tọ́jú pa mọ́. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ń wo ìlà kan tí ń rìn bí ìgbín lójú ẹ̀rọ. Máàkì wọlé. Orí méjèèjì wọlé. Nínú ohùn mẹ́rìnlá, mọ́kànlá ṣí láìsí àbùkù, méjì kò ṣí rárá. Ti ìyá tí ó ti kú náà ṣí. Ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ti ń to òwú fún aṣọ tí wọ́n fi ń sin olóyè, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dé àárín ọ̀rọ̀, ohùn náà sì já.

Iye tí ẹnjiníà náà gbà kò tó ohun tí àwọn ọlọ́fíìsì ń gbà láti ṣí ìdí ẹ̀rọ lásán. Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ara bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù náà, ó ní kí Àǹtí pe òun bí ó bá tún ṣe nǹkan. Bí wọ́n bá pe nọ́ńbà yẹn, kò sí 1, kò sí 2, kò sí orin. Òun ni ó ń gbé e. Gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ yẹ kí ó máa ṣe fún àwọn èèyàn Nàìjíríà, àwọn ọmọ yìí ni wọ́n ń ṣe é lórí àtẹ̀gùn, láìsí ẹni tí ó fún wọn ní ìwé àlàyé kan tàbí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan. Ẹ̀yà ara òkú ni wọ́n fi ń tún alààyè ṣe. Èèyàn kò sì gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Àwọn kan wà láàárín wọn tí wọn yóò yọ RAM 8 kúrò nínú ẹ̀rọ oníbàárà, tí wọn yóò fi 4 sí i, tí wọn yóò sì tún gba owó iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ojú wọn là fi ń jókòó ti ẹni tí ń tú ẹ̀rọ wọn títí yóò fi dè é padà, bí ó tilẹ̀ di alẹ́.

Ṣé kò sí òfin ni? Òfin wà, ó sì ti pẹ́. Ìjọba ológun ti ṣe òfin kan ní ọdún 1992 tí ó dá àjọ tí yóò máa gbèjà àwọn oníbàárà sílẹ̀. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ni òfin ọdún 2018, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, tí ó sì sọ àjọ náà di FCCPC. Òfin tuntun yìí kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní ẹni tí ń tajà gbọ́dọ̀ fi hàn gbangba bí ọjà rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Ó ní oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tà á fún padà. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ wínníwínní tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rìsíìtì, tí ó ní owó kò ní àdápadà, kò lè borí ẹ̀tọ́ yẹn. Ìjọba Èkó náà ní àjọ tirẹ̀, LASCOPA. Láti Otigba sí sẹkitéríàtì Aláùsá kò jìnnà, kò ná èèyàn ju owó kẹ̀kẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò obìnrin olùkọ́ náà. Yóò kọ lẹ́tà, yóò fi rìsíìtì mọ́ ọn, wọn yóò fún un ní ọjọ́. Ní ọjọ́ náà yóò tún gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, yóò tún wọ mọ́tò láti Ìjẹ̀bú. Bí ẹni tí ó tajà kò bá wá, wọn yóò fún un ní ọjọ́ mìíràn. Owó ọkọ̀ yóò fẹ́ẹ̀ gba ìdajì owó tí ó ń lé. Èyí ni àwọn tí ń ta ẹrù burúkú mọ̀, òun ni wọ́n sì gbójú lé. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò náà, CAPDAN, máa ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọjà, ó sì sàn díẹ̀ nítorí wọ́n mọ ojú ara wọn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé àwọn lè gbọ́ ẹjọ́ ni yóò lọ bá wọn, ọ̀pọ̀ àlejò kò sì mọ̀. Ohun tí ì bá rọrùn jù ni kí àwọn òṣìṣẹ́ FCCPC gbé tábìlì kan sí ẹnu ọ̀nà ọjà náà gan-an, kí wọ́n jókòó sí i láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn agbowó-orí mọ ọ̀nà ibẹ̀, wọn kì í ṣìnà rí.

Ìpọ́njú mìíràn ti yọjú sí àwọn oní-tòkunbọ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ọjọ́ yẹn ni Microsoft ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀, Windows 11, kì í gba gbogbo ẹ̀rọ. Ó ń béèrè fún ẹ̀yà ààbò kan nínú páńẹ́ẹ̀lì àti ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò dàgbà ju bí ọdún 2018 lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun tí wọ́n ní láptọ́ọ̀pù tí ó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní jù wọ́n sínú òkun. Kò sí ọgbọ́n nínú wíwá ibi tí wọn yóò kó wọn lọ. Wọn yóò máa tàn, wọn yóò máa ṣiṣẹ́, owó wọn yóò sì fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wọn yóò ṣí sílẹ̀ fún olè orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó rà wọ́n kò sì ní rí ẹni ké sí, ìbáà ṣe ní Ìkẹjà tàbí ní òkè òkun.

Ó wá ku ti ọjà náà fúnra rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ìjọba Èkó ti ń sọ pé òun yóò kó àwọn oníṣòwò náà lọ sí Katangowa, ní agbègbè Agbado Òkè-Odò, nítorí Ìkẹjà ti há jù. Gómìnà kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nílẹ̀, ọjà náà kò sì kúrò ní Otigba. Àwọn oní-ṣọ́ọ̀bù olómi tútù kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù. Ẹni tí ó ní owó lè rà yàrá ní ibi tí wọ́n bá kó ọjà lọ, orúkọ tuntun ni yóò sì kọ sí iwájú rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà orí àtẹ̀gùn ni ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n. Wọn kò ní ìwé lórí yàrá, ìgúnpá wọn ni àyè wọn, èyí tí ó sì mú kí oníbàárà Kánò tàbí Ìjẹ̀bú tún rí wọn ni pé wọ́n ṣì wà ní ibi tí ìyá alágbàdo tọ́ka sí. Ní ti ṣọ́ọ̀bù onítai, àdírẹ́ẹ̀sì Otigba ni ó wà lórí gbogbo rìsíìtì tí ó ti fún èèyàn. Bí wọ́n bá kó lọ lóòótọ́, bébà yẹn nìkan ni ẹni tí ó ra ẹ̀rọ rẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá yóò mú dání ní ẹnu ọ̀nà tí ó ti di ti ẹlòmíràn.